Ìrìn Ajá Aboyún

Ààlọ́ o.
— Ààlọ̀.

Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, nítorí inú ń bí mi lónìí. Ààlọ́ mi ré kọjá ọgbà, ó já sílé Ìkookò ọdẹ àti Ajá tó ń bá a lé ẹran.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ajá bímọ. Ìkookò ní, “Jẹ́ ká rìn díẹ̀, ìrìn dára fún aboyún.” Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n níjọ́ kìíní, ó ní kó lé òkété. Níjọ́ kejì, ó ní kó lé ọ̀yà. Ó jẹ ẹran tán, ó ju eegun fún aboyún.

Níjọ́ kẹta, etu fò kọjá. Ìkookò ní, “Lé e.” Ajá ń rìn lọ, ó ń kọrin:

Bàbá, ìrìn lẹ pè mí sí o.
— Jẹ́jẹ́ laboyún ń rìn.
Eré sísá lẹ wá ń wí o.
— Jẹ́jẹ́ laboyún ń rìn.

Ìkookò ní, “Ta ni yóò wá bá mi lé e?”

Ajá wo ikùn Ìkookò. “Bàbá, ọ̀yà àná ló wà nínú tiyín, ọmọ ló wà nínú tèmi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sáré.”

Ó padà sílé, ó bí mẹ́rin.

Bí mo bá purọ́, kí ajá tó sùn lẹ́sẹ̀ mi yìí gbó. Ṣé ó gbó?