Ìṣirò Adìẹ Ṣówándé

Ẹ bá mi kí Ṣówándé, ará abúlé wa tó ń fi ìṣirò sin adìẹ. Ó wo agbo rẹ̀ títí, ó ní àwọn àgbà àgbébọ̀ ibẹ̀ kàn ń jẹ àgbàdo òun lásán ni, nítorí wọn kì í yé tó àwọn ọmọge adìẹ mọ́. Ó ka ẹyin tí àwọn ọmọge yóò yé, ó ka ọmọ tí wọn yóò pa, ó ka èyí tí àwọn ọmọ náà yóò tún pa, títí adìẹ fi kún abúlé lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, ibo lẹ ka àwòdì sí? Òròmọdìẹ ò màwòdì, ìyá ẹ̀ ló màṣá."

"Ohun tó bá ti bímọ, ìyá ni," ni Ṣówándé fèsì. Ó kó gbogbo àgbà adìẹ lọ sọ́jà.

Lóòótọ́, àwọn ọmọge pamọ rẹpẹtẹ. Ṣówándé rẹ àwọn òròmọdìẹ láró, bí a ti í ṣe kí àwòdì má baà dá wọn mọ̀. Àwòdì dá wọn mọ̀. Bó ṣe ń rá bàbà bọ̀, àwọn ìyá tuntun gbórí sókè, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wòran. Àwọn tí ì bá ké, tí ì bá na apá bo ọmọ, ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, ìṣirò Ṣówándé ò kúkú yẹ̀. Ohun abìyẹ́ pọ̀ sí i nílé rẹ̀. Àwòdì méjì la máa ń rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti ń kó ọmọ wá jẹun.