Ohun Tó Wà Lábẹ́ Tapólì

Bí ẹ bá dé Òkè-Afọ̀n, tí ẹ gbọ́ tí ọkùnrin kan ń pariwo pé ìyàwó òun ń ná owó òun ní ìnákúnàá, ẹ dúró díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àgbà kan máa fi dá a lóhùn pé, "Ká tó pe awakọ̀ lólè, ká tú tapólì wò." Ọkùnrin náà á sì panu mọ́. Ó lè má ní kẹ̀kẹ́, ká má tíì sọ ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì lè má gbá sítíárì mú rí láyé. Àlejò á wá máa wojú wọn. Awakọ̀ wo? Olè wo? Tapólì ta ni?

Tapólì Olóyè Ògúnṣakin ni. Ó ti kú báyìí, wọ́n sì ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ búburú kúrò nínú ìtàn yìí, kò ní ku nǹkan kan tí màá sọ, nítorí náà kí olóyè má bínú.

Nígbà tí kòkó ń ta wàràwàrà, Olóyè Ògúnṣakin lọ sí Èkó, ó ra pikọ́ọ̀pù kan bọ̀. Kì í ṣe irú kékeré tí wọ́n fi ń kó àdìẹ lọ sọ́jà o. Èyí ga débi pé olóyè ní láti gun àpótí kó tó lè wọ inú rẹ̀. Ó fẹ̀ níwájú, ó gùn lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń bú ramúramù kódà nígbà tí kò lọ síbì kan. Olóyè ní kí wọ́n kọ "Àjànàkú" sí i níwájú. Àwọn tó ń ta epo kò fi orúkọ yẹn pè é. Ọ̀mùtí ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í kọjá ilé epo láì yà.

Kásálí ni olóyè gbà pé kó máa wà á. Ọmọ ìlú ni Kásálí, kò ní bàbá mọ́, kò sì ní ogún kankan ju pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ búburú kan nípa rẹ̀ rí. Ó ń fẹ́ Mónsúrà, ọmọ ìyá kan tó ń yan bọ̀ọ̀lì ní agbedeméjì òkè tó wọ ìlú. Ìyá Mónsúrà fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ti fi yìgì sí ẹ̀yìn ààwẹ̀. Yàrá kan tí Kásálí fẹ́ gbé ìyàwó sí ló ń kọ́ lọ́wọ́. Ìpìlẹ̀ ló ṣì wà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ náà dúró dáadáa.

Ó yẹ kí n sọ àṣà kan fún yín níbí. Ní Òkè-Afọ̀n, a kì í bi àgbẹ̀ léèrè pé àpò kòkó mélòó lo rí lọ́dún yìí. Ìwà àìmọ̀kan ni. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ la máa ń wò. Bí ọkọ̀ bá ń ti oko bọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, tó fẹ́ẹ̀ máa gbálẹ̀, a ó mọ̀ pé ọdún yabo fún olúwarẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ga sókè, a ó kí i pé ó kú iṣẹ́, a ó sì máa bá tiwa lọ.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ so yìgì náà, òjò pọ̀ jù, kòkó Olóyè Ògúnṣakin dúdú lórí igi, ó sì rà dànù. Ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ oníkòkó fẹ́ yan Aṣíwájú. Olóyè ń fẹ́ oyè náà bí aboyún ṣe ń fẹ́ ọsàn kíkan. Baba Ajíbówú náà ń fẹ́ ẹ, kòkó tiẹ̀ sì so. Kí ni olóyè ṣe? Ó di èèpo kòkó gbígbẹ sínú àpò, ó kó o sẹ́yìn Àjànàkú, ó fi tapólì bò ó, ó so ó pinpin, ó ní kí Kásálí máa gbé òun káàkiri ìlú.

Wọ́n pàdé Baba Ajíbówú ní oríta. Ó wo iwájú ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ògúnṣakin, ìdí ọkọ̀ rẹ mà ga bí ìdí àkùkọ. Ṣé òwú lo gbìn lọ́dún yìí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ olóyè lára. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí Kásálí ṣe lọ kírun, olóyè pe àwọn alágbàṣe láti ìlú kejì, ó wa ọkọ̀ lọ sétí odò, ó da èèpo nù, ó sì ní kí wọ́n fi yanrìn kún gbogbo àpò náà. Wọ́n kó o sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi tapólì bò ó. Kí Kásálí tó dé, ìdí Àjànàkú ti tẹ̀ wálẹ̀ bí ìdí arúgbó tó fẹ́ jókòó.

"Kòkó oko ọ̀nà odò nìyẹn," olóyè sọ fún un. "Mo fẹ́ kí owó rẹ̀ gbéra sí i kí n tó tà á. Eku sì pọ̀ níbi tí mò ń kó kòkó sí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa wà. Okùn tapólì yẹn, èmi nìkan ló ń tú u. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baba."

Gbogbo ìlú rí ìdí ọkọ̀. Wọ́n ń kí olóyè, "Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìkórè o," olóyè ń mi orí bí ẹni tí kò ka nǹkan sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Ọ̀mùtí ti di ọ̀mùtí paraku. Epo tó ti ń gbé e lọ sí oko, tó ń gbé e bọ̀, kò gbé e dé oko mọ́.

Olóyè pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ asẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó fọ ibi tí epo ń gbà, ó ní kí wọ́n fẹ́ táyà kó le dáadáa, kí Kásálí má sì máa tẹ tọ́tù tó ń fún ọkọ̀ lépo jù. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n yọ irin gàgàrà tó wà níwájú ọkọ̀. Wọ́n pa ẹ́sì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, olóyè ń làágùn nínú agbádá bí ẹran àgbò tí wọ́n so sínú oòrùn. Ẹnì kan ní fèrè ń mu epo, olóyè ní kí Kásálí má fọn fèrè mọ́, kó máa yọrí síta kó máa pariwo. Ẹlòmíràn tún ní kí wọ́n máa paná ọkọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè.

"Baba, bíréèkì ọkọ̀ yìí kì í mú dáadáa tí wọ́n bá paná ẹ̀," Kásálí sọ fún un.

"Pa á!"

Ó pa á. Oko ẹ̀gẹ́ pásítọ̀ kan nísàlẹ̀ òkè ló gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn ò tún dán an wò mọ́.

Nígbà tó yá, Kásálí ní, "Baba, gbogbo ohun tí mẹkáníìkì sọ la ti ṣe. Ẹrù yìí nìkan ló kù. Ó wúwo jù. Ẹ jẹ́ ká já a sílẹ̀."

"Kí eku wá jẹ ẹ́?"

"Tàbí kẹ́ ẹ tà á, Baba."

"Ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi ní ọjọ́ tí màá ta kòkó mi?"

Ẹ ò rí i, olóyè mọ ohun tó wà lábẹ́ tapólì, ṣùgbọ́n ó ti bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Yanrìn kò lẹ́nu, ó ní. Ohun tí kò lẹ́nu kò lè mu epo. Ta ló wá lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kásálí. Bí ènìyàn bá ti fẹ́ gba ara rẹ̀ là, kò sí irọ́ tí kò ní rí ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀.

Bó ṣe di pé ní ilé epo, lójú gbogbo ayé, olóyè gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. "Olè! Ò ń fa epo mi, ò ń tà á! Mo ti mọ̀!"

"Wàláì, Baba, mi ò fa epo yín rí. Ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ló wúwo!"

"Kúrò níwájú mi!"

Ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yá ju ti Kásálí lọ. Kí Kásálí tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Mónsúrà, ọ̀rọ̀ ti débẹ̀. Ìyá náà kò pariwo. Ó ń yí bọ̀ọ̀lì lórí iná, kò wojú rẹ̀.

"Kásálí, o mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fa ọmọ fún ẹni tí wọ́n pè lólè lójú ọjọ́. Lọ fọ orúkọ rẹ mọ́ ná. Títí dìgbà náà, má wá mọ́."

Mónsúrà ń sunkún nínú ilé. Ó dun Kásálí wọ inú egungun. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀rí hàn pé òun kò jí ohun tó ti jó tán? Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ fún un mọ́ ní Òkè-Afọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù ló lọ, ó ń po sìmẹ́ńtì fún àwọn tó ń kọ́lé, tiẹ̀ sì dúró ní ìpìlẹ̀, koríko ń hù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan Aṣíwájú pé. Orí òkè ni gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wà. Olóyè ní òun fúnra òun ni yóò wa ọkọ̀ òun. Ó ra epo lójú ara rẹ̀, ó sì gbéra pẹ̀lú ìdí ọkọ̀ tó ń gbálẹ̀. Kó lè rí i pé gbogbo ìlú wo ìdí náà, ó kọ́kọ́ yí ìlú po, ó lọ, ó bọ̀, kó tó dorí kọ òkè. Ó gùn ún dé agbedeméjì. Àjànàkú wúkọ́, ó mì, ó dákẹ́ jẹ́jẹ́ níwájú Ìyá Mónsúrà gan-an.

"Olóyè, kí ló dé?" ìyá náà bèèrè.

"Epo ló tán."

Ìyá Mónsúrà wo inú ọkọ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Háà. Ta ló wá fà á?"

Olóyè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ sí ìpàdé sáré wá ti ọkọ̀ fún un. Wọ́n tì í, kò gbéra. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n já àpò kòkó sílẹ̀ ná kó lè fúyẹ́.

"Ẹ má ṣèyọnu!" olóyè kígbe. "Ẹ fi sílẹ̀!"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í sì í gbà bí àgbà bá ní kó má ran òun lọ́wọ́. Wọ́n rò pé ojú ló ń tì í láti lò wọ́n. "Rárá o, Baba, ẹ lọ jókòó síbi òjìji. Kí la wà fún?" Wọ́n tú okùn, wọ́n ká tapólì, wọ́n fa àpò àkọ́kọ́. Àpò náà já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó bẹ́ sórí ọ̀nà ọlọ́dà, yanrìn sì ya sílẹ̀ yàà.

Wọ́n tú èkejì. Yanrìn. Baba Ajíbówú sì gun ọ̀kadà dé lákòókò yẹn, ó bọ́ sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ògúnṣakin," ó ní, "kòkó yìí mà gbẹ o."

Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn kan jókòó sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Olóyè ń wá ibi tí ilẹ̀ lè là sí kó bọ́ sínú rẹ̀. Ìyá Mónsúrà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bu yanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?" ó ní. "Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ yìí ń gba iwájú wa kọjá. Gbogbo wa rí ẹrù ẹ̀yìn ẹ̀, gbogbo wa ń kí i kú ìkórè. Ọmọ yẹn sọ pé ẹrù ló wúwo, a ò gbọ́. Olóyè pè é lólè, èmi náà sì lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Ká tó pe awakọ̀ lólè, ṣé kò yẹ ká tú tapólì wò?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn.

Wọ́n lọ pe Kásálí wá, sìmẹ́ńtì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n da gbogbo yanrìn tó kù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n rọ epo díẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì sí ọkọ̀ tó ti ṣófo. Ó jókòó, ó ṣíná, Àjànàkú sì gun òkè náà bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo iṣu. Epo díẹ̀ yẹn gbé e dókè, ó tún gbé e padà wálẹ̀.

Olóyè dúró lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Kásálí, mo ṣẹ̀ ọ́. O kò jí epo mi. Sọ ohun tí o bá fẹ́ kí n fi tù ọ́ nínú."

Gbogbo ènìyàn retí kó béèrè ọkọ̀ náà gan-an. Kásálí wo òkìtì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

"Baba, ẹ fún mi ní yanrìn yẹn. Yanrìn odò ni, ó dáa fún búlọ́ọ̀kù."

Baba Ajíbówú ló joyè Aṣíwájú. Yàrá Kásálí parí kí ààwẹ̀ tó tán, wọ́n sì so yìgì ní àsìkò tí wọ́n dá. Olóyè Ògúnṣakin wá síbẹ̀, ẹ má rò pé kò wá, inú rẹ̀ sì ti yọ́ débi pé ó lè fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un wọ yàrá náà, ó fọwọ́ pa ògiri, ó ní, "Kòkó mi rè é. Mi ò tíì rí ọdún tó yabo tó báyìí."

Nítorí náà, bí owó bá ń tán lọ́wọ́ yín tí ẹ ò mọ ibi tó ń gbà lọ, ẹ má tíì wojú ìyàwó, ẹ má tíì wojú ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín dì sẹ́yìn kí ìdí ọkọ̀ yín lè tẹ̀ wálẹ̀ lójú ayé. Ká tó pe awakọ̀ lólè, ká tú tapólì wò.