Ọ̀pá Tí Ayọ̀ká Fi Wọn Òkúta

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ayọ̀ká. Ọkọ rẹ̀, Ògúndìran, ló ni píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tó wà ní ìlú náà, ọkọ̀ àtijọ́ tó ti dàgbà ju Fọlárìn, àkọ́bí wọn, lọ. Nígbà tí ojú Ògúndìran bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó sì kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn ará ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ojú rẹ̀ kọ́ ló ń fọ́, orí rẹ̀ ni. Ògúndìran ní kí akunlé kan bá òun kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀dà funfun: ṢÉ Ẹ TI SỌ TÁN? Nígbà tó kú, tí kò sí ẹlòmíràn nílùú tó lè gbé ìkòkò dé ọjà, àwọn ẹlẹ́gàn yẹn kan náà ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn Ayọ̀ká láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa pé àwọn náà ni.

Láti Òkè-Amọ̀ dé ọjà Ìsàlẹ̀-Odò, máìlì méje ni. Máìlì kan péré ló ní ọ̀dà nínú rẹ̀. Ìyókù jẹ́ ilẹ̀ pupa tí àgbàrá ti gbẹ́ ní kòtò-kòtò, títí a ó fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó sọ̀ wá sí odò Ẹléru. Nínú odò náà, òkúta pẹrẹsẹ kan dábùú ojú ọ̀nà. Baálé ni wọ́n ń pe òkúta yìí, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá láìkí i.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó rẹ ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ Ayọ̀ká. Ohun tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ẹsẹ̀ ni sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti àwọn apá irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, tí í máa gba ìyà kòtò kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Sípíríǹgì ti Ayọ̀ká ti dùbúlẹ̀. Táyà rẹ̀ ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sítíárìn sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ọjà méjì, ogójì ìkòkò ló fọ́.

Ìyá Dúrójayé, olórí àwọn amọ̀kòkò, ránṣẹ́ pè é.

"Ayọ̀ká, ọmọ mi," ó ní, "o mọ̀ pé n kò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ká tó rí ìkòkò kan, a ó wa amọ̀, a ó gún un, a ó mọ ọ́n, a ó sá a, a ó tún sun ún. Kí gbogbo ìyẹn wá fọ́ sójú ọ̀nà? Bí wọ́n bá tún fọ́, lọ́rì ará Ìsàlẹ̀-Odò la máa kó ẹrù wa fún."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fo ọjà kan," ni Ayọ̀ká wí. "Kí n pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tún fọ́ lẹ́yìn ìyẹn, èmi gan-an ni n óo lọ bá yín pe lọ́rì náà."

Ìyá Dúrójayé gbà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ ti ẹrù nìkan. Akínwùmí, àbúrò Ògúndìran tó ń gbé ìgboro, ti ń wí fún ẹbí látọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ opó. Bí àwọn amọ̀kòkò bá kọ̀ ọ́, ẹbí kò ní rí ìdí kan tí wọn kò fi ní gbà á. Ọkọ̀ yẹn sì ni gbogbo ohun tí Ayọ̀ká ní.

Kí ó tó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ṣe ohun kan. Ó gé ọ̀pá ọparun kan, ó fi ẹsẹ̀ rin máìlì méjèèje. Ibi tí kòtò bá wà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Nígbà tó dé odò Ẹléru, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi lọ, ó gbé ọ̀pá kalẹ̀ sójú ibi tí táyà ń tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálé, ó sì fi ọ̀bẹ kọ ilà sára ọ̀pá náà níbi tí orí òkúta dé. Àwọn tó ń pọnmi bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní òun ń bi ọ̀nà léèrè ọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé opó Ògúndìran ti ń bá òkúta sọ̀rọ̀.

Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ìsàlẹ̀-Odò, Ọ̀gá Bísíríyù ni ẹnu rẹ̀ tólẹ̀. Ó mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò gbà pé ẹni tí èékánná rẹ̀ kò dúdú lè mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Akínwùmí ti ṣíwájú Ayọ̀ká débẹ̀. Píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ ló gbé wá, irú ti Ayọ̀ká gẹ́lẹ́, àfi pé wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ní ìgboro, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tòkúnbọ̀ ti ọkọ̀ olówó kan sí i. Wọ́n kùn ún ní pupa, imú rẹ̀ sì wọlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá Fọlárìn, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wò," ni Ọ̀gá Bísíríyù wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, imú ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀, ó sì dìde jẹ́jẹ́. Gbogbo ẹni tó wà lọ́gbà ló wá tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń mi orí. "Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Irú rẹ̀ kan wà nílẹ̀ níbí. A kàn máa gé ṣásí, irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ yín, díẹ̀ ni."

"Ìyàwó wa, irú èyí ni wọ́n ń lò lóde òní," ni Akínwùmí fi kún un.

Kí Ayọ̀ká tó wọ ilé ọkọ ni wọ́n ti bí Akínwùmí, nítorí náà kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Akọ̀wé ló ń pè é. Kò sì yí i padà, àní lọ́jọ́ tí inú ń bí i.

"Akọ̀wé, ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀nà ná."

Ó gbé ọ̀pá nàró ti irin abẹ́ imú ọkọ̀ pupa náà. Ilà Baálé tó wà lára ọ̀pá kọjá lábẹ́ irin, ó ku ìka méjì kí wọ́n kanra. Àwọn ọkùnrin náà hó yèè pé ó kọjá.

"Lófìfo ni," ni Ayọ̀ká wí. "Ní ìlú wa, a kì í dán ìkòkò wò lófìfo, omi la máa ń pọn sí i. Ẹ di ẹrù lé e, kí ẹ sì rántí pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo ti ń tẹ bíréèkì, imú rẹ̀ á tún lọ sílẹ̀ ju báyìí lọ. Ìka méjì dà níbẹ̀?"

Ọ̀gá Bísíríyù rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí sípíríǹgì lọ́rì kan tó nípọn bí apá. "Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní tẹ̀ rárá, ìyẹn rèé."

"Ìyẹn á ti fọ́ ìkòkò kí n tó kúrò ní àgbàlá," ni Ayọ̀ká wí. Ó bá rìn lọ sí ẹ̀yìn àkìtàn irin, ó ń wò, títí ó fi rí ẹsẹ̀ iwájú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan bíi tirẹ̀, tí ìpẹtà ti bò. Ó fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, gíga rẹ̀ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Èyí ni mo fẹ́. Ẹ ra rọ́bà tuntun sí i àti ṣọ́ọ̀kì tuntun. Sípíríǹgì rẹ̀, ẹ bá mi wá èyí tó fi díẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀ ni mo wí o, Ọ̀gá."

"Ẹsẹ̀ àwọn baba ńlá wa nìyẹn," ni Akínwùmí wí, ara rẹ̀ ti ń gbóná. "Ta ló kọ́ obìnrin ní ẹsẹ̀ mọ́tò? Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni, n kò ní jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́."

Ayọ̀ká yọ kọ́kọ́rọ́ nínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo ọgbà lè rí i.

"Mi ò mọ mọ́tò tó yín, Akọ̀wé. Ọ̀nà ni mo mọ̀. Ọjà tó ń bọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ yín wá sí Òkè-Amọ̀. Kí Ìyá Dúrójayé pín ẹrù sí méjì. Bí tiyín bá dé láìfọ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ mi lójú ọjà. Bí ó bá fọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi mí nípa rẹ̀ mọ́ títí n óo fi kú."

Akínwùmí ní òun gbà. Ọ̀gá Bísíríyù ṣe ohun tí Ayọ̀ká ní kí ó ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tó fi ṣe é ló fi ń kùn.

Lọ́jọ́ ọjà náà, Ìyá Dúrójayé ka ọgbọ̀n ìkòkò sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Ọ̀gá Bísíríyù wá láti wo iṣẹ́ ìgboro. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa náà, ó jókòó sáàárín ìkòkò, ó ní òun lè sùn níbẹ̀ dọ́jà. Akínwùmí ló ṣíwájú. Lórí ibi tó tẹ́jú, ọkọ̀ rẹ̀ ń rọra mì lọ, àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà sì ń pàtẹ́wọ́. Ayọ̀ká ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ tirẹ̀ ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ba òun níbẹ̀.

Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Akínwùmí tẹ bíréèkì. Imú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì dìde mọ́, nítorí pé ẹrù ń tì í láti ẹ̀yìn. Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ síwájú lọ bá Ọ̀gá Bísíríyù. Ó fi apá gbá méjì mọ́ra, ó fi ẹsẹ̀ dá mẹ́ta dúró, ó ń fi orí gbá ẹ̀yìn ilé awakọ̀ pé kí ó rọra, kí ó rọra. Ibi tó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wọ inú odò, tí irin abẹ́ ọkọ̀ sì lọ kí Baálé. Ìró rẹ̀ dé òkè. Apá irin kan tẹ̀, táyà iwájú méjèèjì ya sí ọ̀tún àti òsì, ọkọ̀ pupa náà sì jókòó sórí òkúta.

Ayọ̀ká sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú jíà kékeré. Imú ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀, ó gbé e padà, ó tún tẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pupa kọjá lórí Baálé, òkúta náà kò fara kan irin rẹ̀. Ó dúró sí òdì kejì, ó bọ́ sílẹ̀ sínú omi, òun àti Ọ̀gá Bísíríyù sì kó ìkòkò mẹ́jọ tó kù nínú ọgbọ̀n Akínwùmí sínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ wọlé ká lọ," ó ní.

Akínwùmí dúró sínú omi tó mu ún dé orúnkún. Ayọ̀ká kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gun òkè odò lọ, ohun tó sì kẹ́yìn tí Akínwùmí rí ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà funfun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ó ní láti kà á, nítorí pé kò sí nǹkan mìíràn tó lè wò.

Lójú ọjà, Ìyá Dúrójayé ka ìkòkò. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹnu rẹ̀ ti sán nínú ti Ayọ̀ká, Ayọ̀ká fúnra rẹ̀ ló sì mú un jáde kí wọ́n tó rí i. Ìyá Dúrójayé yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní òun yóò máa fi í gbin ewébẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ọ̀gá Bísíríyù, tí koríko ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ni obìnrin yìí mọ̀ tí ìwọ kò mọ̀?"

Mẹkáníìkì náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí ìkòkò ti ha. "Ìyá, èmi fi ọwọ́ tẹ ọkọ̀. Òun ti lọ bi ọ̀nà."

Ẹnikẹ́ni kò bèèrè kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Ọ̀gá Bísíríyù sì tọrọ ọ̀pá ọparun náà lọ́wọ́ Ayọ̀ká, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọgbà rẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, tó ń tẹ èyí, tó ń yin tọ̀hún, á ní kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tó ń gbà lọ sílé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Amọ̀ fi ń pa á lówe, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìmọ̀ ìgboro pa wọ́n lẹ́nu mọ́, pé: "Ọ̀nà là á bi, ká tó yan ẹsẹ̀ fún ọkọ̀."