Àwẹ̀ró Lábẹ́ Bèbè Amọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìbídùn amọ̀kòkò fi ń bẹ Ọlọ́run kí ó tó bí Àwẹ̀ró. Ọmọ náà lẹ́wà, ó sì lọ́yàyà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di pátápátá. Bí ààrá bá sán lórí òrùlé, kì í ṣẹ́jú.

Ní abúlé wọn, abẹ́ igi ọdán ni Ìyá Ayọ̀ká ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹní híhun àti ọgbọ́n ayé, nígbà tí àwọn òbí wọn bá wà lóko. Bí ọjọ́ bá rọ̀, kò jẹ́ ka iye wọn, nítorí èèwọ̀ ni kí ènìyàn máa ka ọmọ ọlọ́mọ. Orúkọ ni ó ń pè. Èyí tí ó bá ti dáhùn pé, "Mo wà níbí, Ìyá," ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tí kò jẹ́ kí ó gba Àwẹ̀ró nìyẹn. "Ìbídùn ọmọ mi, má bínú. Ọmọ tí n ó pè tí kò ní í jẹ́, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bí ó bá sọnù?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbídùn dé egungun. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Èmi àti Ọ̀jẹ́níyì ọkọ mi la bí i, àwa méjèèjì la ó máa wò ó. A ò ní í da ẹnikẹ́ni láàmú."

Bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ náà lọ síbi tí ó ti ń wa amọ̀. Bàbá ọmọ ńkọ́? Ó wà lóko iṣu ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, Ìbídùn tẹríba, ó wa amọ̀ kún agbọ̀n kan péré. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, kò rí ọmọ mọ́.

"Ẹ gbà mí o! Àwẹ̀ró mi dà?"

Abúlé tú jáde! Ẹni tí ń gúnyán ju ọmọ odó sílẹ̀, ẹni tí ń fárí lọ́wọ́ sáré jáde pẹ̀lú ààbọ̀ irun. Gbogbo wọn figbe ta: "Àwẹ̀ró ooo! Àwẹ̀ró ooo!" Igbó ń dá wọn lóhùn. Ohùn Ìbídùn ló ga jù, kí ó tó ṣàdédé gbé ọwọ́ lé orí.

"Yéè! Ta ni à ń pè? Ọmọ náà ò gbọ́! Ẹ panu mọ́, ẹ lajú!"

"Ohùn mi mà ti há o," ni Akínlàjà ọ̀dọ́ adẹ́mu wí.

"Bó há, ẹsẹ̀ rẹ ò há," ni Ìyá Ayọ̀ká dá a lóhùn. "Gun ọ̀pẹ, jàre!"

Gbogbo ibẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Àwọn ìyá ń wo ilẹ̀, àwọn ọmọdé ń yọjú wo inú igbó. Ọ̀kan nínú wọn rí ipa ẹsẹ̀ kékeré nínú ẹrẹ̀. Akínlàjà na ìka láti orí ọ̀pẹ: Àwẹ̀ró nìyẹn ní òdìkejì kòtò amọ̀, lábẹ́ bèbè, ó ń mọ ìkòkò kékeré. Bèbè náà ti lanu lókè orí rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sì ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò sáré débẹ̀ kí bèbè tó wó lé e. Ni Ìyá Ayọ̀ká bá já gèlè pupa orí rẹ̀, ó ń jù ú fìrìfìrì. Àwọn ìyókù rí i. Ni ìborùn, ni fìlà, ni gbogbo wọ́n bá ń jù sókè! Àwẹ̀ró gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó sáré bọ̀ wá bá wọn ṣe é. Kò tíì dé àárín kòtò tí bèbè fi ya lulẹ̀, gbìì!

Ìbídùn fò mọ́ ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì yí sínú ẹrẹ̀.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ni Ìyá Ayọ̀ká wí, tí ó ń fi gèlè nu ojú ọmọ náà. "Mú un wá lọ́la. Bí mo bá ti pe orúkọ ẹnì kan, ẹni tó jókòó tì í ni yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè fún mi. Kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀."

Ìbídùn kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ dákun, Ìyá, gbogbo yín, ẹ bá mi wò ó. Ojú èmi àti bàbá rẹ̀ nìkan ò tó o."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.