Ihò Kan Níwájú Àga Ìyàwó

Ọkùnrin kan wà tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ. Ó pupa fòò. Òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn bí ẹní, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ sí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lára. Ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí o bá jókòó sínú rẹ̀, àfi bíi pé orí títì gan-an lo jókòó sí, tí títì ọ̀hún sì ń ṣàn lọ lábẹ́ rẹ bí omi. Mo ti wọ̀ ọ́ rí. N kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Má bi mí pé èwo ló fẹ́ràn jù. Òun fúnra rẹ̀ á ní ìyàwó ni, mo sì gbà á gbọ́.

Orí òkè ni ìlú àwọn òbí ìyàwó náà wà. Ọ̀nà ibẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ. Àpáta ńlá wà lápá kan, àfonífojì wà lápá kejì, kùrukùru sì máa ń bo gbogbo rẹ̀ láàárọ̀. Tí oṣù bá ti parí, tọkọtaya yìí á gbéra ní ìdájí láti lọ kí àwọn àgbà. Bí wọ́n bá ti wọ inú kùrukùru, ayé á parẹ́ mọ́ wọn lójú. Kò ní sí igi, kò ní sí ilé, àfi ọkọ̀ pupa náà àti ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà náà ni ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń fi imú kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pàápàá tí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà.

Orí ọkọ á wú. Á wí nínú ara rẹ̀ pé, “Ó ń gbádùn rẹ̀.” Á sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí i ni orin á máa ròkè sí i, bí orin bá sì ṣe ń ròkè ni ọkọ á tún máa sáré. Ó máa ń fi èyí yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Á ní, “Ìyàwó tiyín á máa pariwo ‘ẹ rọra o, ẹ rọra o.’ Tèmi, orin ló máa ń kọ.”

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dé iwájú ilé àna, ìyàwó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó dúró díẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Kò bá ọkọ padà lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wálé ní ọjọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn, kò tún wọ ọkọ̀ pupa náà mọ́. Lóṣù yìí á ní òtútù ti pọ̀ jù, lóṣù tó ń bọ̀ á ní òun fẹ́ kọ́kọ́ dé ọjà, kí ọkọ òun máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ ń dá lọ, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Tó bá wọ inú kùrukùru, á máa retí orin, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ fún mi pé ńṣe ló dà bí ìgbà tí òun ń lá àlá kan, tí ẹnìkan ti jáde kúrò nínú àlá ọ̀hún tó sì fi òun nìkan sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà á. Ó rò pé òun ti sú ìyàwó òun. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn kì í ṣe kékeré.

Ó wá rántí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ó wo ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà. Kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó, ó ti le gbagidi, ooru ẹ́ńjìnnì sì ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó ní, “Mo ti rí i. Ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń pa á lẹ́sẹ̀.” Inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó lọ ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun tó nípọn, tó ní àwọ̀ aró tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn, ó ra fóòmù tí yóò tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ra gọ́ọ̀mù. Kò bi obìnrin náà pé ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún, kò bi í pé kí ló fà á. Àwa ọkùnrin nìyẹn. Kàkà ká béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, a ó kúkú tú odindi ọkọ̀ palẹ̀.

Ó tú àga méjèèjì, ó gbé wọn sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó ṣí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára irin, iyanrìn sì ń dà jáde lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìrìn àjò wọn ló wà níbẹ̀. Iyanrìn pupa ti ìlú àna wà níbẹ̀, iyanrìn funfun ti etí òkun wà níbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ kan tó já bọ́ lọ́rùn ìyàwó rẹ̀ nígbà tó lóyún àkọ́bí. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sápò, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

Ẹni tó bá fẹ́ gé kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kì í ju èyí tó gbó nù. Orí tuntun ló máa tẹ́ ògbólógbòó sí, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, kó tó gé e. Ọkùnrin yìí kó gbogbo rẹ̀ lọ sí fàráǹdà, ó tẹ́ ẹ. Ti iwájú àga tirẹ̀ jẹ díẹ̀ níbi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń wà, ìyẹn kò yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ti iwájú àga ìyàwó ti lu. Ihò kan wà lókè, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ síwájú, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó padà lọ wo inú ọkọ̀. Irin tó wà níbi tí ihò náà bọ́ sí ń dán bíi ṣíbí.

Ọkùnrin náà ní èkúté ni. Ó bú èkúté, ó bú ìyá tó bí èkúté, ó wọlé lọ wá pàkúté.

Ìyàwó rẹ̀ ń gbé àgbàdo bíbọ̀ bọ̀ fún un nígbà náà.

Ó ní, “Ìyá Morẹ́nikẹ́, jọ̀wọ́ wá wo ohun tí èkúté fojú mi rí.”

Obìnrin náà wò ó. Ó gbé abọ́ kalẹ̀. Ó wá bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e sínú ihò náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ó ní, “Èkúté kọ́. Èmi ni.”

“Ìwọ kẹ̀? Kí lò ń fi ẹsẹ̀ wá níbẹ̀ yẹn? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé kò sí. Bíréèkì ni mò ń tẹ̀.”

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àpárá ni. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

Obìnrin náà ní, “Gbogbo kọ́nà tó wà lọ́nà òkè yẹn ni mo ti bá yín tẹ bíréèkì rẹ̀. Ó dé ibì kan, ẹsẹ̀ kò lè gbà á mọ́.”

“Ṣùgbọ́n o máa ń kọrin!”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí. N kò lè pariwo sí ẹni tó ń wakọ̀. Tí mo bá pariwo, tí ọwọ́ yín bá yẹ̀ ńkọ́? Mo wá ń kọrin kí n má baà sunkún. Tí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tún máa ń sáré sí i. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ kí n dákẹ́ ni.”

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín kápẹ́ẹ̀tì. Ojú tì í, àyà rẹ̀ sì já, nítorí ó rí gbogbo kọ́nà wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rí àfonífojì, ó rí ara rẹ̀ tó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa ihò náà. Bẹ́ẹ̀ ìgbádùn ló pe orin yẹn, ọdún dé ọdún. Ó ní, “Jọ̀wọ́, má bínú.”

Ó bi í bóyá kí òun má wulẹ̀ pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì náà mọ́, kí òun lè máa rí ihò ọ̀hún.

Obìnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa rí i, èmi ò fẹ́ rí i mọ́.”

Ó tẹ́ fóòmù, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì aró lé e. Nígbà tí oṣù parí, ìyàwó jáde wá ní ìdájí, ó wo ọkọ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wọlé jókòó.

Kùrukùru tún bo ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ kọ́nà àkọ́kọ́, orin bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ rọlẹ̀, orin sì dúró. Ní kọ́nà kejì, orin tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó tún rọra. Bí wọ́n ṣe gun òkè náà lọ nìyẹn nínú kùrukùru funfun náà. Ó wá dé ibì kan tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àní ní kọ́nà tó burú jù. Ó yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò.

Ìyàwó rẹ̀ ti sùn. Ó ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì láìtẹ nǹkan kan. Kò sùn nínú ọkọ̀ náà rí. Ọkùnrin náà wakọ̀ bí ẹni tó ru omi. Nígbà tó dé iwájú ilé àna rẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, kò jí i. Ó jókòó tì í nínú kùrukùru títí oòrùn fi yọ.

Ìwọ náà ló jókòó síwájú mi yìí. O ní o fẹ́ kó gbogbo ilé rẹ lọ sí ìlú tí wọn ò mọ̀ rí, o ní kò sẹ́ni tó ráhùn. O ní ìyá rẹ kàn wí pé “ó dáa,” ìyàwó rẹ sì ń rẹ́rìn-ín káàkiri ilé. N kò ní kí o má lọ. Ọwọ́ rẹ ni sítíárì wà, ìrìn náà sì lè dùn. Àmọ́ bí o bá délé nírọ̀lẹ́ yìí, má ka ẹ̀rín sí ẹ̀rí. Jókòó sí àga tí wọ́n ń jókòó sí. Wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀. Bi wọ́n léèrè, kí o sì dákẹ́ kí wọ́n lè dáhùn.

Bí o bá sì rí ihò níbẹ̀, ọmọ mi, má bú èkúté.