Ìwé Onígi Pupa Tí Wọ́n Fi Wé Àkàrà

Ẹ jókòó, ìyá ọmọ, kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un. Ọmọ náà wà ní kíláàsì àṣekágbá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Láti ọjọ́ tí ìyá bàbá rẹ̀ ti kú sí i lọ́wọ́ ni kò ti fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Ní gbogbo Sátidé, olùkọ́ wọn a máa fún wọn ní ìdánrawò, kí ìdánwò yunifásítì gan-an tó dé. Bí wọ́n bá ti gba ìwé wọn, àwọn ọmọ a kóra jọ sábẹ́ igi máńgòrò. "Mélòó lo gbà? Lágbájá ńkọ́?" Ìyẹn kò burú, ọmọdé ni wọ́n. Ti bàbá ló burú.

Ọmọ kò ní tíì bọ́ bàtà tí káfíńtà yóò fi bi í pé, "Mélòó ni ọmọ aránṣọ gbà?" Aránṣọ yìí ni aládùúgbò wọn, ọmọbìnrin tirẹ̀ náà sì wà ní kíláàsì kan náà. Bí ọmọ bá ní, "Bàbá, mo gba igba ó lé mọ́kànlá, òun gba igba ó dín méjì," káfíńtà a pàtẹ́wọ́, a ní, "Ó tán! A ti là wọ́n mọ́lẹ̀!" Lọ́jọ́ tí ọmọ aránṣọ bá jù ú lọ, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni nílé náà. Àmọ́ kò sọ ọ́ rí pé, "Gbé ìwé yẹn wá, kí n rí ibi tí o ṣì tí olùkọ́ fa igi pupa sí." Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Kí ni wọ́n wá ń fi ìwé náà ṣe? Àkàrà ni ìyàwó rẹ̀ ń dín lójúde ní àràárọ̀. Bébà kì í ṣòfò nílé alákàrà. Tí ó bá di ọjọ́ Ajé, wọn a ti máa fi ìwé ìdánrawò wé àkàrà fún oníbàárà.

Ìdánwò gan-an dé. Ọmọ káfíńtà gba ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́fà. Yunifásítì kò sì gba ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá pé igba. Ọmọ aránṣọ gba òjìlérúgba.

Orí káfíńtà gbóná. Ó já wọ ilé aránṣọ láìkí ẹnikẹ́ni. "Ta ni ẹ gbà tí ó ń kọ́ ọmọ yín ní kọ̀rọ̀?"

Ọmọ aránṣọ ló wọ yàrá, ó gbé páálí kan jáde, ó sì kúnlẹ̀. Bébà ló kún inú páálí náà, òróró ti rin gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Àkàrà tí mò ń rà lọ́dọ̀ màmá ilé yín ni wọ́n fi ń wé. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, mo máa ń wá ìdáhùn gbogbo ibi tí igi pupa bá wà. Mo ní ohun tí ẹnì kan bá ṣì, èmi náà lè ṣì í. Púpọ̀ nínú wọn ló tún jáde nínú ìdánwò."

Káfíńtà mú bébà tó wà lókè. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni Ọmọ́wùnmí, ọmọ tirẹ̀. Ó mú èkejì, Ọmọ́wùnmí náà ni. Ìbéèrè kan wà nípa iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ rẹ̀ ti ṣì í, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni olùkọ́ sì fa igi sí i. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé onílé, ó sunkún. Ọmọ yóò tún fi odindi ọdún kan jókòó sílé.

Ìyá ọmọ, ẹ má bínú sí mi. Mo ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò lè máa pọ́n yín. Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, máàkì ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi. N kò ní sọ ọ́. Ìwé ọmọ tiyín nìyí, igi pupa mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ pe ọmọ yín jókòó. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kà, ẹ ní kí ó kà á sí yín létí.

Ẹ má jẹ́ kí n bá a lọ́dọ̀ alákàrà.