Àpò Kòkó Tí Wọn Ò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn
Olóyè Ajíbóyè fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún àpò kòkó ṣe ìdógò láti yáwó ní báńkì. Ó ní kí Ìbídùn, tí báńkì rán wá wo ẹrù, buwọ́ lùwé pé kòkó pé, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò kankan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ òun, yóò lé e. Ìbídùn ní, “Ó dáa, Olóyè, ẹ jẹ́ n jókòó kọ ọ́.” Ó yíjú sí ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ ilé ìkẹ́rù fún Olóyè: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé àpò kan wá láti ẹ̀yìn, kí n fi jókòó.” Ọwọ́ kan ni ìyá fi gbé e wá. Ẹ sì mọ̀ pé ọkùnrin méjì ló ń làágùn kí wọ́n tó gbé àpò kòkó gidi. “Olóyè, èèpo kòkó ló wà nínú èyí,” ni Ìbídùn wí, ó sì kó ìwé rẹ̀ láìbuwọ́ lù ú. Báńkì fi í jọ̀gá lọ́dún náà. Ìyá arúgbó ni Olóyè lé lẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.